Àpótí Ìmọ̀: Bí Ìpolówó Fíìmù Ṣe Ń Mú Àyà Já
Nínú October 1 (2014), fíìmù Kúnlé Afọláyan, Sadiq Daba ni ọlọ́pàá tó ń wá ẹni tó ń pa àwọn ọmọbìnrin nílùú Àkọ̀tẹ́, bí òmìnira Nàìjíríà lọ́dún 1960 ṣe ń sún mọ́lé. Ẹni tó bá ń gé ìpolówó irú fíìmù yìí kò ní fi ojú apànìyàn hàn wá. Ó lè fi ẹsẹ̀ tó ń rin inú igbó hàn fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, kí àwòrán tó tẹ̀lé e jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí àwọn tó kù máa kúrú sí i títí ojú kò fi ní lè bá a mọ́. Lójijì, ohùn á dákẹ́, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn. Lójú tèmi, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń já àyà ẹni ju ìlù líle lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo ìpolówó kan láìsí ohùn, kí ẹ tún un wò tohùn-tohùn, kí ẹ sì kọ ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí sílẹ̀.