Ilé Là Ń Wò: Èdè-Ìperí àti Yíyan Ẹ̀yà fún Kọ̀ǹpútà tí A Fọwọ́ Ara Ẹni To Jọ

0.0 Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé òwe náà bá iṣẹ́ èdè-ìperí mu, ó sì bá iṣẹ́ ẹni tí ó fẹ́ to kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ rẹ̀ jọ mu pẹ̀lú. Bí orúkọ ẹ̀yà kan kò bá sọ iṣẹ́ tí ẹ̀yà náà ń ṣe, ẹni tí ó lọ rà á yóò fi owó ṣòfò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni àwọn àdúgbò àtijọ́ ìlú Ìbàdàn, èyíinì ni Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Màpó àti Bẹ́yẹrúnkà. Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ níbẹ̀, yálà iṣẹ́ télọ̀ ni tàbí iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀bù ìwé títẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà. Ó ti ra ohun tí àwọn ontàjà ń pè ní motherboard, ó sì fẹ́ ra ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ó kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé, ó fi rán ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ọjà: «CPU, memory 16, power.» Nígbà tí ọmọ náà dé, àpótí irin òfìfo ni ó gbé dání gẹ́gẹ́ bí CPU, káàdì pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ inú fóònù ni memory, okùn iná lásán sì ni power. Owó tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, èyí ni ó sì kọ́kọ́ fu ọ̀gá rẹ̀ lára. Ontàjà kò gba ọjà padà. Nígbà tí wọ́n mú ẹjọ́ náà wá sí ọ̀dọ̀ mi, mo rí i pé kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí wọ́n dárúkọ fún ontàjà ni ó tà. Orúkọ ni ó jẹ̀bi.

1.0 Irú àṣìṣe tí ó wà nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

A lè pín àṣìṣe wọ̀nyí sí ọ̀nà mẹ́ta:

(a) Orúkọ ẹ̀yà tí a fi ń pe odindi. CPU gan-an ni ẹ̀yà pẹlẹbẹ kékeré tí ó ń ṣe gbogbo ìṣirò inú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì àti ilé-ẹ̀kọ́ wa, àpótí tí ó wà lábẹ́ tábìlì ni a ń pè bẹ́ẹ̀.

(b) Orúkọ kan fún ohun púpọ̀. Wọ́n ń pe ibi tí kọ̀ǹpútà ń lò fún iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ ní memory, wọ́n ń pe ibi tí ó ń tọ́jú nǹkan sí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pe káàdì fóònù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá pè é ní «ìrántí» ní Yorùbá kàn gbé ìdàrúdàpọ̀ náà wọlé ni.

(d) Orúkọ tí kò sọ iṣẹ́. Iná ni power, ṣùgbọ́n kò sọ bóyá ohun tí ó ń gbé iná wọlé ni a ń fẹ́, tàbí èyí tí ó ń pín in.

2.0 Ìlànà tí a tẹ̀ lé

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Awóbùlúyì sì jẹ́ olóòtú apá kejì ní 1990, ni ó la ọ̀nà fún irú iṣẹ́ yìí. Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé, ṣùgbọ́n a lè mú irú ọgbọ́n kan náà lò fún ẹ̀rọ: kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, kí a fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ lójú, kí a ṣe àpèjúwe, tàbí kí a yá ọ̀rọ̀ lò. A fi ìdánwò mẹ́ta kún un. Èkíní, kí orúkọ sọ iṣẹ́. Èkejì, kí ẹ̀yà méjì má ṣe jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ-iṣẹ́ lè pè é tán nínú ariwo ọjà láìdánudúró.

Àmì ìwọ̀n bíi DDR4 tàbí LGA1700 kò fẹ́ ìtumọ̀. Bí nọ́ńbà bàtà ni wọ́n rí. Ohun tí ó yẹ kí Yorùbá ṣe ni kí ó sọ ẹ̀yà tí nọ́ńbà náà jẹ́ ti rẹ̀.

3.0 Àwọn ẹ̀yà, orúkọ wọn, àti ìbéèrè tí ó bá wọn rìn

3.1 Aṣírò àti pátákó ìsopọ̀

A pe CPU ní aṣírò, láti ara a- àti ṣírò. Àwọn kan ti dá «ọpọlọ» lábàá. A kò gbà á, nítorí pé ọpọlọ ènìyàn ń ronú, ó sì ń rántí. Bí a bá lò ó, àṣìṣe (b) yóò padà wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò pe motherboard ní «pátákó ìyá», nítorí pé jíjẹ́ ìyá kò sọ ohunkóhun fún ẹni tí ń rajà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó so gbogbo ẹ̀yà pọ̀. Nítorí náà, pátákó ìsopọ̀ ni.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni èyí: ǹjẹ́ aṣírò yìí lè jókòó sórí pátákó yìí? Ibi tí aṣírò ń jókòó sí ni a pè ní ojú ìjókòó. Aṣírò AMD tí ó jẹ́ ti ojú ìjókòó AM4 kò lè wọ AM5, tí ó jáde ní 2022. Ti Intel tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ìjókòó LGA1151 jáde ní 2015. Ní 2017, Intel mú ìran aṣírò kẹjọ jáde fún ojú ìjókòó tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì jẹ́ 1151, ṣùgbọ́n pátákó ti 2015 kò gbà á. Orúkọ kan náà ni, ara wọn kò sì bá ara mu. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ra tòkunbọ̀ kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà ojú ìjókòó nìkan. Kí ó béèrè ìran aṣírò tí pátákó náà gbà.

3.2 Àtẹ iṣẹ́ àti àká

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá tí ń tajà ní Ọjà'ba. Ohun tí yóò tà lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ó pàtẹ síwájú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò palẹ̀ àtẹ mọ́, kò sì ní ku nǹkan kan níbẹ̀. Ọjà tí ó kó pamọ́ wà ní àká, yóò sì wà níbẹ̀ títí di ọ̀la. Báyìí gan-an ni kọ̀ǹpútà rí. Ohun tí a ń pè ní RAM ni àtẹ iṣẹ́: bí iná bá lọ, gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ parẹ́. Hard disk àti SSD ni àká: bí iná bá lọ, ohun tí a ti kó sínú wọn wà síbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì yìí kò ní fi ọ̀kan ra èkejì mọ́. Ó sì ti mọ ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń falẹ̀ bí àtẹ bá kéré, bí ó ti wù kí àká tóbi tó.

Ìbéèrè fún àtẹ iṣẹ́ ni pé irú wo ni pátákó gbà? DDR4 àti DDR5 ní ẹsẹ̀ 288 lọ́kọ̀ọ̀kan, gígùn wọn sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti gé wọn wọnú kò bára mu, ìwọ̀n iná wọn sì yàtọ̀: fóltì 1.2 fún DDR4, 1.1 fún DDR5. Bí ọ̀kan kò bá wọlé, ẹ má ṣe fi agbára tì í.

Ní ti àká, èyí tí ó rí bí ọ̀pá kékeré pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń pè ní M.2, pín sí méjì: èyí tí ń bá ọ̀nà SATA rìn, tí eré rẹ̀ kì í ju nǹkan bí mẹ́gábáìtì 550 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àti NVMe, tí ó ń sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ìrísí wọn fara jọra. Kí a béèrè èyí tí pátákó gbà kí a tó sanwó.

3.3 Apínná

Ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní power supply ni a sọ ní apínná, láti ara a-, pín àti iná. Iná ìjọba máa ń lọ síwá-sẹ́yìn nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fóltì rẹ̀ sì yẹ kí ó jẹ́ nǹkan bí 230. Apínná ni ó ń sọ ọ́ di iná tí ń sàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo, tí ó sì ń pín in ní fóltì 12, 5 àti 3.3 fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan.

Ibi yìí ni a ti gbọ́dọ̀ wo ilé dáadáa. Iná tí àwọn ará ìlú ṣì ń pè ní iná NEPA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2005, kì í dúró sójú kan. Púpọ̀ nínú apínná tòkunbọ̀ àtijọ́ ní bọ́tìnì pupa kan lẹ́yìn, tí a kọ 115 àti 230 sí. 115 ni ti Amẹ́ríkà. Ẹni tí kò bá yí i sí 230 kí ó tó ki okùn bọ iná yóò gbọ́ ìró, yóò sì rí èéfín. Ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tí ń tòó fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń ná owó púpọ̀ lórí aṣírò, kí ó sì ra apínná tí ó gbọ̀pọ̀ jù lọ. Àṣìṣe ńlá ni. Bí apínná burúkú bá kú, ó lè pa pátákó, aṣírò àti àká pẹ̀lú ara rẹ̀.

3.4 Ayàwòrán, àpótí àti abẹ̀bẹ̀

Ẹ̀yà tí ń ya ohun tí a ń rí lójú kọ̀ǹpútà ni ayàwòrán. Ó lè dá dúró, ó sì lè wà nínú aṣírò. Ìyàtọ̀ lẹ́tà kan péré lè fa ìnáwó níbí: aṣírò Intel Core i5-12400 ní ayàwòrán nínú, i5-12400F kò ní. Ẹni tí ó ra ti F nítorí pé ó dín owó díẹ̀ yóò tún ra ayàwòrán lọ́tọ̀.

Ìwọ̀n pátákó ni a fi ń yan àpótí. ATX jẹ́ mìlímítà 305 sí 244. Micro-ATX jẹ́ 244 sí 244. Ti kékeré máa ń wọ àpótí ńlá, ti ńlá kì í wọ kékeré. Ní ti abẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni a fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú. Ẹni tí ó bá dúró ní òkè Màpó tí ó wo ìsàlẹ̀ yóò rí òrùlé páànù tí ó ti dípátá lọ jàn-án-ràn. Lábẹ́ páànù yìí, ooru ọ̀sán kì í ṣe kékeré, eruku ọyẹ́ kò sì jẹ́ kí ihò kankan ṣófo. Nítorí náà, kí àpótí ní abẹ̀bẹ̀ tí ń fa atẹ́gùn wọlé níwájú, kí ó ní òmíràn tí ń tì í jáde lẹ́yìn, kí asẹ́ tí a lè yọ fọ̀ sì wà níwájú. Kí a má sì gbàgbé ìpara agbóoru láàárín aṣírò àti irin atutù rẹ̀.

4.0 Àpẹẹrẹ kan

Fún ṣọ́ọ̀bù tí ń tẹ ìwé, tí kò lo géèmù, àṣàyàn tí ó bára mu nìyí: aṣírò i5-12400, pátákó ìsopọ̀ micro-ATX, ojú ìjókòó LGA1700, tí ó gba DDR4, àtẹ iṣẹ́ DDR4 méjì, gígábáìtì 8 lọ́kọ̀ọ̀kan, àká NVMe gígábáìtì 500, apínná wáàtì 450. Àwọn pátákó LGA1700 kan ń gba DDR4, àwọn mìíràn ń gba DDR5, nítorí náà a gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Wáàtì 65 ni ìwọ̀n aṣírò yìí. Bí iṣẹ́ bá le, ó lè dé 117. Bí a bá fi nǹkan bí 50 kún un fún ìyókù, kò tó 200. Nítorí náà apínná 450 kò ní ṣe làálàá, ẹ̀rọ ìnfátà tàbí alátìlẹ́yìn iná kékeré sì lè gbé e títí a ó fi kó iṣẹ́ orí àtẹ sínú àká.

5.0 Àkójọ èdè-ìperí

aṣírò – ẹ̀yà tí ń ṣe ìṣirò
pátákó ìsopọ̀ – pátákó tí ó so gbogbo ẹ̀yà pọ̀
ojú ìjókòó – ibi tí aṣírò ń jókòó sí lórí pátákó
àtẹ iṣẹ́ – ibi iṣẹ́ ojú ẹsẹ̀, tí ń ṣófo bí iná bá lọ
àká – ibi ìpamọ́, tí kì í ṣófo bí iná bá lọ
apínná – ẹ̀yà tí ń sọ iná di èyí tí ẹ̀yà lè lò, tí ó sì ń pín in
ayàwòrán – ẹ̀yà tí ń ya ohun tí a ń rí
àpótí – ilé àwọn ẹ̀yà
abẹ̀bẹ̀ – ohun tí ń fẹ́ atẹ́gùn
ìpara agbóoru – ìpara tí ń gbé ooru kúrò lára aṣírò
alátìlẹ́yìn iná – ẹ̀rọ oníbátìrì tí ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ

6.0 Ìkádìí

A mọ̀ pé àwọn orúkọ yìí kò ṣàìní àbùkù. Aṣírò lè jọ aṣírò-owó, a sì ti ń lo àtẹ fún àkọsílẹ̀ onílà. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, kò sí ẹni tí yóò wá akáǹtáǹtì kiri lórí igbá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún ìwé rẹ̀ kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó kọ ìbéèrè tí ọmọ-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bi ontàjà: aṣírò, ìran wo ni pátákó wa gbà? àtẹ iṣẹ́, DDR4 ni tàbí DDR5? apínná, wáàtì mélòó, bọ́tìnì 115 ha wà lẹ́yìn rẹ̀? Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ohun tí wọ́n rán ọmọ náà ni ó rà bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju tiwa lọ, inú wa yóò dùn láti gbà á. Ẹ̀bẹ̀ wa kan ni pé kí ó kọ́kọ́ fi rán ọmọdé lọ sí ọjà.