Ẹ Bi Ọmọ Yín Léèrè

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1985, ìjọba ológun yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Èkó nítorí òwò oògùn olóró. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn ti ṣẹ̀ kí òfin ikú náà tó jáde ní 1984. Síbẹ̀, ìbọn kò pa òwò náà.

Pápákọ̀ òfuurufú kò jìnnà sí wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Ẹni tí ó ni ẹrù kì í sábà gbé e. Ọmọ tálákà ni ó ń tàn láti gbé e mì. Bí ìdì kan bá bẹ́ nínú ikùn rẹ̀, ikú dé.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé owó ńlá wálé, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tí ó ṣe kí ẹ tó súre fún un.