Irin Nìkan Kọ́ Ló Ń Mú Ilé Dúró

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, mo fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́rin sí Súrùlérè ní Èkó. Ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ni ìsàlẹ̀, ilé gbígbé ni òkè, ìrísí rẹ̀ yóò sì dà bíi lẹ́tà L. Ẹni tó yàwòrán ilé náà ní bí òpó bá ti jẹ́ irin, ìmìtìtì ilẹ̀ kò lè ràn án. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Onílé, Súrùlérè

Ìdáhùn: Irin dára, torí ó máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Àmọ́ ìrísí ilé ló ń sọ ibi tí yóò ti tẹ̀.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, síbẹ̀ ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ti Accra ní 1939 sì gbẹ̀mí èèyàn. Bí ilẹ̀ bá ń mì, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń fa ilé, ibi tó rọ jù ló sì ń jìyà. Lókè ilé yín, ògiri búlọ́ọ̀kù ti àwọn òpó lẹ́yìn. Nísàlẹ̀, gíláàsì ni. Òpó ṣọ́ọ̀bù nìkan ni yóò máa tẹ̀ fún gbogbo ilé.

Ti L tún yàtọ̀. Apá méjèèjì kì í mì bákan náà, wọ́n á máa fa ara wọn ya níbi tí wọ́n ti pàdé. Ilé náà á sì máa yí, bí ọrùn ẹni tó ru igbá tí ẹrù rẹ̀ fì sápá kan. Òpó tó jìnnà jù sí àárín ni ìyà náà ń pọ̀ sí jù.

Irin nìkan kò tó: nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mexico City ní 1985, ilé onírin alájà 21 ní Pino Suárez wó lu èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn òpó rẹ̀ kò lè gbé ẹrù tí àwọn irin tí a gbé dábùú láti igun dé igun láàárín wọn kó bá wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Northridge ní Amẹ́ríkà, ní 1994, ojú wẹ́dà tó so ìtì irin mọ́ òpó ló sán nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Nítorí náà, ẹ ní kí ẹnjiníà pín L náà sí ilé méjì tó dá dúró, kí àlàfo tó tó wà láàárín wọn kí wọ́n má baà gbá ara wọn. Kí ó gbé irin dábùú láti igun dé igun láàárín àwọn òpó ṣọ́ọ̀bù, lápá ọ̀tún àti òsì bákan náà, kí àwọn òpó náà sì nípọn tó láti gba ẹrù rẹ̀. Kí a yẹ ojú wẹ́dà wò kí a tó kùn ún. Owó tí ẹ bá ná sí àtúnṣe yìí kò ní ṣòfò bí ilẹ̀ kò tilẹ̀ mì: ẹ̀gbẹ́ náà ni ìjì Èkó ti ń ti ilé. Ẹ ṣe àtúnṣe náà kí àwòrán tó dé iwájú ìjọba fún ìwé àṣẹ.