Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn kíkan ògì: Áyọ́ọ̀nù háídírójìn nínú ásíìdì

Ní Alajue ní ìlú Ẹdẹ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ ilé-ìwé mọ̀ pé omi ògì a máa kan. Orí ìmọ̀ yìí ni olùkọ́ máa ń dúró lé láti túmọ̀ ásíìdì sí ‘omi kíkan’. Ìbẹ̀rẹ̀ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀. Ta ni yóò fi ahọ́n tọ́ omi bátìrì ọkọ̀ wò?

Átọ̀mù háídírójìn ni ó fúyẹ́ jù lọ: pùrótọ́ọ̀nù kan ní àárín, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lóde. Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí bá bọ́, pùrótọ́ọ̀nù nìkan ni ó kù. Òun ni áyọ́ọ̀nù háídírójìn, tí a ń kọ báyìí: H⁺. Kì í dá wà nínú omi. Ó máa ń so mọ́ mólékù omi, wọn a sì di H₃O⁺. Ohun tí ó bá ń tú áyọ́ọ̀nù yìí sílẹ̀ nínú omi ni ásíìdì.

Bí a bá rẹ àgbàdo fún ògì, àwọn kòkòrò àìfojúrí a sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ásíìdì lactic. Díẹ̀ nínú mólékù rẹ̀ ni ó ń tú H⁺ sílẹ̀, nítorí náà ásíìdì tí kò le ni. Ti bátìrì ń tú tirẹ̀ fàlàlà. Síbẹ̀, ti ògì tó láti dènà ọ̀pọ̀ kòkòrò tí í ba oúnjẹ jẹ́.

Ní 1909, Sørensen gbé òṣùwọ̀n pH kalẹ̀ ní yàrá ìwádìí Carlsberg ní Copenhagen. Ilé-iṣẹ́ ọtí ni ó dá yàrá náà sílẹ̀. Ọtí àti ògì kò kúkú jìnnà síra. Ojúlówó omi wà ní 7, omi ògì tí ó kan dáadáa wà ní nǹkan bí 4. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé ìyàtọ̀ mẹ́ta péré ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà H⁺ inú omi ògì jẹ́ ìlọ́po 1,000 ti inú omi. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni H⁺ ń pọ̀ sí i; ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Níbi tí kò bá sí bébà litmus, kí olùkọ́ se ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe zóbò, kí ó sì pín omi rẹ̀ sí ife méjì. Bí ó bá bu omi ògì sí ọ̀kan, yóò máa pọ́n. Bí ó bá bu omi eérú sí èkejì, pípọ́n náà yóò lọ, yóò sì máa yí sí àwọ̀ ewé tàbí ti aró. Omi eérú a máa ta ahọ́n bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ásíìdì.