Ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ wo? Bí a ṣe ń pín àṣẹ àti láísẹ́ńsì lórí Azure DevOps

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan wà ní Ìpótì-Èkìtì tí mo bá ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ sọ́fítíwíà tí yóò máa ṣírò owó ìfipamọ́, ẹ̀yáwó àti iye àpò kòkó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó wá. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ló ń kọ kóòdù: méjì ń gbé ìlú, ọ̀kan wà ní Adó, ìkẹrin wà ní Èkó. Ẹnì kan ń dán iṣẹ́ wọn wò. Ẹ tún ka alága, akọ̀wé, akápò, àti ọ̀gbẹ́ni kan láti Ìjerò tó ń yẹ ìwé owó wò. Gbogbo wọn jẹ́ mẹ́sàn-án. Azure DevOps, tí Microsoft ṣe, ni wọ́n fi ń tọ́jú kóòdù àti àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Bí a ṣe pín àṣẹ láàárín ẹni mẹ́sàn-án yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹni tó bá lè ṣe é fún mẹ́sàn-án lè ṣe é fún àádọ́rùn-ún.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ mú bébà àti bíírò. Ẹ kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohun tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú iṣẹ́ náà sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ẹ má kọ oyè o. Bí ẹ bá kọ “alága”, ọwọ́ yín yóò kàn fẹ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́ tó tóbi jù. Bí ẹ bá kọ “ó fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ dé, ó sì fẹ́ lè kọ ẹ̀dùn rẹ̀ sílẹ̀”, ẹ ó rí i pé ọ̀tọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tí ó nílò.

Àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Èkíní ni ohun tí wọ́n ń pè ní Access level. Òun ni láísẹ́ńsì, òun ni wọ́n ń gba owó lé lórí, òun ló sì ń pinnu yàrá tí ẹnì kan lè rí rárá. Èkejì ni àṣẹ inú ẹgbẹ́ lórí Azure DevOps: Readers ń wò lásán, Contributors ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, Project Administrators ń tún ètò ilé ṣe. Àgádágodo méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣí kí ènìyàn tó wọlé. Ẹ lè fi ẹnì kan sí Contributors títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí láísẹ́ńsì rẹ̀ bá jẹ́ Stakeholder, kò ní rí kóòdù nínú iṣẹ́ (project) tí ẹ tì pa. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé “Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí Repos, ibi tí kóòdù wà, lójú ewé mi”, láísẹ́ńsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ tó wà, kí ẹ tó wá bú íntánẹ́ẹ̀tì.

Láísẹ́ńsì tí ẹ ó sábà bá pàdé jẹ́ mẹ́rin. Stakeholder kò gba kọ́bọ̀, iyekíye ènìyàn ni ẹ sì lè fún. Basic ń rí kóòdù, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, láti orí ẹni kẹfà ni wọ́n ń gba dọ́là 6 lóṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Basic + Test Plans fi ohun èlò àyẹ̀wò kún un, dọ́là 52 lóṣù. Ìkẹrin wà fún àwọn tó ti ra Visual Studio tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa kò rà á, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ó yẹ ká jókòó ti ìṣirò yìí díẹ̀. Ká ka dọ́là kan sí ₦1,500. Bí ẹ bá fi gbogbo ẹni mẹ́sàn-án sí Basic nítorí pé ẹ kò fẹ́ kí ojú ti ẹnikẹ́ni, mẹ́rin nínú wọn di ti owó: dọ́là 24 lóṣù, ₦36,000. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là ṣì wà ní nǹkan bí ₦460 ní báńkì, owó yìí kan náà kò ju nǹkan bí ₦11,000 lọ. Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan kún iṣẹ́, náírà ló já wálẹ̀. Bí ẹ bá sì fi ẹni tó ń dánwò sí Basic + Test Plans, ₦78,000 nìyẹn lórí ẹnì kan ṣoṣo, tí owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 sì jẹ́ ₦70,000. Ọmọbìnrin tó ń dánwò fún wa ń kọ àyẹ̀wò rẹ̀ sínú Excel. Kò sí ohun tó sọnù.

Nítorí náà, àwọn mẹ́rin tó ń kọ kóòdù àti ẹni tó ń dánwò gba Basic márùn-ún tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Alága, akọ̀wé, akápò àti ayẹ̀wé-owó-wò gba Stakeholder. Àpapọ̀ owó: òdo.

Ó wá ku bí a ṣe máa sọ ọ́ fún Bàbá alága. Wọ́n gbọ́ pé àwọn ọmọ kékeré rí ohun tí àwọn kò rí, wọ́n sì ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé èmi ni n kò ní wọ gbogbo yàrá ilé tí mo fi owó kọ́?” Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó dáhùn. Mo ní, “Bàbá, ẹ rí ààfin Aláayè ní Ẹ̀fọ̀n. Gbogbo àlejò ló ń rí òpó tí Agbọnbíọfẹ́ gbẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìjòyè ló ń wọ ilé ìdáná, kò sì dín iyì ìjòyè kankan kù.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá fi ohun tí Stakeholder lè ṣe hàn wọ́n: wọ́n lè wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ àti èyí tó ti parí, wọ́n lè kọ àṣìṣe sílẹ̀, kí wọ́n fi àwòrán sí i, kí wọ́n sì fèsì fún ẹni tó ń tún un ṣe.

Ẹ lè ṣí kọ̀ǹpútà wàyí. Lórí dev.azure.com, ẹ tẹ Organization settings ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, lẹ́yìn náà Users, kí ẹ tẹ Add users. Ẹ kọ ímeèlì ẹni náà, ẹ yan Access level, ẹ yan iṣẹ́ tó kàn án, kí ẹ sì yan ẹgbẹ́ tí yóò wà. Ẹ bi í ní ímeèlì tó ń lò gan-an kí ẹ tó kọ ọ́. Ìdajì wàhálà tí mo ti rí ló wá láti ara ẹni tó ní Gmail mẹ́ta: wọ́n pè é pẹ̀lú ọ̀kan, ó fi òmíràn wọlé, ó wá ní ẹnu ọ̀nà ti sé mọ́ òun.

Nígbà tí ẹ bá dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ wo Visibility dáadáa. Private ni kí ó jẹ́. Nínú iṣẹ́ tó jẹ́ Public, gbogbo ayé ló lè ka kóòdù yín.

Ẹ padà sí Organization settings, kí ẹ lọ sí Billing, kódà bí ẹ kò bá tíì fẹ́ san nǹkan kan, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Default access level sí, kí ẹ sì fi í sí Stakeholder. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì fi ènìyàn tuntun kún un, kò ní di owó mọ́ yín lọ́rùn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò ẹni kẹfà lórí Basic, ẹ ó so káàdì mọ́ ọn. Àwa tí a rántí ọdún 2022, tí ọ̀pọ̀ báńkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, tí púpọ̀ nínú wọn sì dá a dúró pátápátá lẹ́yìn náà, káàdì dọ́là ni a máa ń gbára lé. Ọjọ́ ni wọ́n fi ń ka owó láísẹ́ńsì náà, nítorí náà ẹni tó bá wọlé lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún kò ní san ti oṣù odindi.

Bó bá jẹ́ pé kóòdù nìkan lẹ ń tọ́jú, GitHub lè tó yín: láti oṣù kẹrin ọdún 2020, ẹ lè pe iyekíye ènìyàn síbi kóòdù tí ẹ tì pa, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n Read, tó kéré jù nínú àṣẹ rẹ̀, ti ń rí gbogbo kóòdù. Kò sí ìjókòó fún Bàbá alága níbẹ̀.

Nínú gbogbo pípín àṣẹ yìí, ti ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ló le jù. Iṣẹ́ kan tí mo ṣe ṣáájú èyí, kọ́pà kan ló fi ímeèlì ara rẹ̀ ṣí gbogbo rẹ̀. Ó parí ìsìnrú ìlú, ó ṣe ìdágbére, a se ìrẹsì fún un. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé òun nìkan ni Owner, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Láti ìgbà náà, ẹni méjì ni mo máa ń fi sí Project Collection Administrators, àwọn tó ní àṣẹ lórí gbogbo ilé, ímeèlì ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni mo sì ń fi ṣe Owner, nínú Overview. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ẹ tó lọ sí Users, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ wá pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù ibi tí àkọsílẹ̀ owó wà, nítorí yíyọ tí ẹ yọ ọ́ kò yọ ohun tó wà nínú orí rẹ̀ àti nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé oṣooṣù, kí akápò tó ka owó, ẹ ṣí Users, kí ẹ wo Last Access. Ẹni tó ní Basic tí kò wọlé láti ọgọ́ta ọjọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dá a padà sí Stakeholder bí kò bá ní ìdí.

Bàbá alága ti wọlé lórí fóònù wọn lọ́sẹ̀ kejì. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ni pé lórí rìsíìtì, “Ìjerò” ni àwọn ọmọ kọ síbi tó yẹ kí “Ìpótì” wà. Ọmọ Èkó tún un ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.