ÌKÌLỌ̀ FÚN ẸNI TÍ Ń GUN KẸ̀KẸ́ NÍ ÌGBÀ ỌYẸ́

Láti òpin oṣù Kọkànlá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ilẹ̀ Ìgbómìnà. Àgbẹ̀ tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ jáde ní Òkè-Onígbìn kí ilẹ̀ tó mọ́, yálà ó ń lọ sí oko tàbí sí ọjà Òmù-Àrán, yóò pàdé ọ̀tá méjì lọ́nà: òtútù àti kùrukùru eruku.

Èéṣe tí òtútù fi ń mú ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ju ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ? Ara ènìyàn a máa mú afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ ti ń sáré, afẹ́fẹ́ tútù a máa gbá ooru náà lọ. Bí ó bá sì ti làágùn nígbà tí ó ń gun òkè, òógùn náà yóò mú un tutù gidigidi nígbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ tí ó kú fún òtútù kò lè tètè fún bíréèkì. Níbẹ̀ ni ewu wà.

Nítorí náà, kí ó kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí ó wọ ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta léra, kí ó lè bọ́ ọ̀kan nígbà tí ara bá gbóná. Kí ó fi fìlà abetíajá bo etí, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kí ṣéènì má bàa gbé e.

2. Kí ó mu omi kí ó tó jáde, kí ó fi òrí pa ètè àti ẹ̀yìn ọwọ́, kí ó sì fi aṣọ mímọ́ bo imú nítorí eruku.

3. Bí kùrukùru bá ṣú, kí ó dúró títí ojú ọ̀nà yóò fi hàn. Kí iná funfun wà níwájú kẹ̀kẹ́ àti iná pupa lẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ó máa gbà, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972.

4. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ jáde nínú òtútù bẹ́ẹ̀, nítorí òtútù àti òùngbẹ a máa ru ìrora egungun rẹ̀ sókè. Kí òbí rántí èyí kí ó tó rán ọmọ níṣẹ́ ní òwúrọ̀.

Oko kì í kúrò níbi tí a fi í sí. Ẹni tí ó bá fi wákàtí kan dúró de ìmọ́lẹ̀ yóò bá a níbẹ̀.