Ẹ Ka Àpò Oúnjẹ Kí Ẹ Tó Ka Ẹja

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìbéèrè tí ẹ máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bàbá, ẹja mélòó ni adágún yìí lè gbà?" Mi ò ní dá a lóhùn mọ́. Adágún kì í ra oúnjẹ. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni iye ẹja tí owó ọwọ́ yín lè bọ́, láti ọjọ́ tí ẹ kó o wọlé títí di ọjọ́ tí ẹ máa tà á. Iye yẹn ni kí ẹ kó. Bí àyè bá ṣẹ́ kù nínú omi, ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Àrọ̀ tí wọ́n tọ́jú dáadáa máa ń jẹ kílò kan àti díẹ̀ kó tó fi kílò kan sanra. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 1.2. Ẹni tó bá fẹ́ ta 1,000 ẹja tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kílò kan, oúnjẹ tí yóò rà á tó 1,200 kílò. Kílò 15 ló máa ń wà nínú àpò oúnjẹ ẹja lọ́jà, 80 àpò nìyẹn. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò kan ládùúgbò yín lónìí, kí ẹ fi 80 sọ ọ́ di púpọ̀, ká tó máa sọ̀rọ̀ adágún. A ò sì tíì ka owó ọmọ ẹja, epo ẹ̀rọ tó ń fa omi, àti ẹni tó máa sùn tì í lóru nítorí olè.

Ohun tó ń tan ọ̀dọ́ jẹ ni pé oṣù méjì àkọ́kọ́ kì í náni lówó tó bẹ́ẹ̀. Ẹja kéré, ẹnu rẹ̀ kéré, àpò kan á pẹ́ nílẹ̀, inú olóko á máa dùn. Oṣù méjì tó kẹ́yìn ni oúnjẹ máa ń lọ bí omi tí a dà sórí yanrìn. Ju ìdajì gbogbo àpò yẹn lọ ni wọ́n máa jẹ nígbà náà. Ibẹ̀ ni owó ti ń tán mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Á dín oúnjẹ kù, á lọ ra èyí tí kò dára nítorí pé ó pọ́ọ́kú, ẹja kò ní dàgbà dọ́gba mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ara wọn jẹ, níkẹyìn á wá ta ẹja gíráàmù 400 fún ẹni tó mọ̀ pé ọ̀ràn ti dójú ẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ ò ju 30 àpò lọ, kó má kó ju 350 ẹja. Mo mọ̀ pé 350 kò ṣeé fi yangàn lójú ọ̀rẹ́. Ẹ fi yíyangàn sílẹ̀.

Tí ẹ bá ń ra ọmọ ẹja, ẹ bojú wo inú agbada: ṣé wọ́n dọ́gba, ṣé ara wọn ń dán, ṣé wọ́n ń sá bí ọwọ́ bá kan omi? Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbé wọn rìn. Bí ẹ bá délé, ẹ má dà wọ́n sínú adágún lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa bu omi adágún sínú kẹ́ẹ̀gì wọn díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ́ wọn lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ máa ṣà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ yọ èyí tó sáré dàgbà ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ẹ ń pè ní ṣúútà, sọ́tọ̀. Bí ebi bá ń pa àrọ̀, kì í mọ ọmọ ìyá rẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti lè gba èkejì, ó parí nìyẹn. Ẹ ò ní rí òkú tó léfòó. Ọjọ́ títà lẹ máa tó mọ̀ pé 1,000 tí ẹ kó ti di 600.

Omi ńkọ́? Àrọ̀ lágídí. Ó ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i lọ́jà tó ń jà nínú agbada tí omi rẹ̀ kò tó nǹkan. Agídí yìí náà ló ń mú kí ọlọ́sìn fojú tẹ́ńbẹ́lú omi. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán máa ń jẹrà sínú omi, á sì di ammonia, kò sì sí agídí tó lè borí ìyẹn. Kí ẹja wá sókè gba afẹ́fẹ́ kó sì padà sísàlẹ̀, kò sí láìfí níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá jí láàárọ̀ tí ẹ bá wọn tí wọ́n nàró sójú omi, tí wọn ò sì kọbi ara sí oúnjẹ, ẹ má bọ́ wọn, ẹ pààrọ̀ omi. Ẹ má sáré lọ ra oògùn. Oògùn tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ wa nítorí omi ìdọ̀tí lásán ti pọ̀ jù. Tí ẹ bá sì ń bọ́ wọn, ẹ máa fọ́n oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ títí wọn ò fi ní sáré sí i mọ́. Èyí tó bá léfòó lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, owó yín ló léfòó yẹn.

Ẹni tó bá fi síméǹtì kọ́ adágún tuntun, kó pọn omi kún un, kó gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, kó dà á nù lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, kó tún un ṣe, kí agbára síméǹtì lè rọlẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí adìyẹ, torí ìṣirò kan náà ni. Adìyẹ ẹlẹ́yin máa jẹ tó kílò méje kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Ẹni tó ní 50 á ti ra àpò oníkílò 25 mẹ́rìnlá kó tó rí ẹyin kan mú. Lẹ́yìn náà, àpò kan kì í ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, yálà ẹyin tà tàbí kò tà. Ẹni tí apá rẹ̀ ò ká ìyẹn lè wo irú adìyẹ FUNAAB Alpha, tí wọ́n mú jáde ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tó lè jẹ̀ nínú àgbàlá kó sì fi kún oúnjẹ rẹ̀. Èyí ó wù kí ẹ sìn, àjẹsára lúkúlúkú kò ṣeé fò. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pò mómi, ẹ má fi omi tó ní kilorínì pò ó.

Nǹkan kan wà tó máa ń bí mi nínú: kí adìyẹ kú, kí wọ́n sọ òkú rẹ̀ sínú adágún fún ẹja. Ẹ ò mọ àrùn tó pa á, ẹ ò sì mọ oògùn tó wà lára rẹ̀ nígbà tó kú. Ẹ sin ín. Omi adágún tí ẹ ń dà nù ni kò yẹ kó ṣòfò: ajílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ la ojú omi rẹ̀ gba ìdí tẹ̀tẹ̀ àti ewédú lọ, kí ẹ wá wò ó.

Àwọn tó ń gbin àgbàdo tí wọ́n fẹ́ fi ṣe oúnjẹ ẹran fúnra wọn, mo kí yín. Láti 2016 tí kòkòrò ajàgbàdo tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá ti wọ ilẹ̀ wa, ẹ gbọ́dọ̀ máa yẹ inú ewé àárín wò nígbà tí àgbàdo ṣì kéré, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ bá kórè tán ni ewu tí ẹ kì í rí ń bẹ̀rẹ̀. Àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa kí ẹ tó kó o sápò á bu, èyí tó bá sì ti bu lè ní májèlé aflatoxin nínú, tó ń ba ẹ̀dọ̀ adìyẹ àti ẹja jẹ́. Ẹ̀ ń yan án, ẹ̀ ń sè é, kò lọ. Àwọn ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ṣe ohun kan tó ń dín májèlé yìí kù, tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, tí wọ́n ń fọ́n sóko ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó. Síbẹ̀, sísá a kó gbẹ kò ní àrọ́pò.

Títà náà ní àkókò tirẹ̀. Nígbà tí ẹja bá ti tó gíráàmù 600 ni kí ẹ ti máa wá oníbàárà: àwọn ìyá ẹlẹ́ja, àwọn tó ń yan ẹja, àwọn ilé ọtí tó ń ta point and kill. Ẹ ra òṣùwọ̀n tiyín, kí ẹ má máa fi ti oníbàárà wọn ẹja yín. Ẹ má bọ́ wọn ní ọjọ́ kan ṣáájú kíkó. Bí ọjà bá sì dẹnu kọlẹ̀, tí ẹja ti pé kílò kan, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ẹ ta díẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ fi bọ́ èyí tó kù. Ẹ wo àwọn ará abúlé ẹja Eriwe lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí adágún wọn wà lójú kan, tí wọ́n sì ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ẹni márùn-ún tó para pọ̀ ra 100 àpò lè dúnàádúrà pẹ̀lú oníṣòwò lọ́nà tí ẹni tó ra mẹ́ta ò lè gbà.

Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, owó oúnjẹ àwọn tó kàn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ iye tí ẹ pa. Ẹ gbẹ omi adágún, ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ gba oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan, tó bá sì jẹ́ adágún ilẹ̀, ẹ fọ́n láìmù sí i. Bí ẹ bá fẹ́ bá ọjà Kérésìmesì, ọmọ ẹja gbọ́dọ̀ ti wọ omi ní oṣù Keje.